Ohùn Ló Ń Ṣáájú Àwòrán Nínú Káàtúùnù

Ẹranko inú ìwé ìtàn ọmọdé ní ojú, ó ní aṣọ, ó sì ní ìṣesí tí àwọn ọmọ mọ̀ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n kò ní ohùn. Òǹkàwé kọ̀ọ̀kan ló ń yá a ní tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ sọ ọ́ di káàtúùnù tí tọmọdé tàgbà yóò jọ wò, ibi ọ̀ràn ohùn yìí ni ọ̀pọ̀ òǹwòran ti ń ṣi iṣẹ́ náà mọ̀. Wọ́n gbà pé ayàwòrán yóò ya gbogbo rẹ̀ tán, kí òṣèré tó wá máa wo ẹnu ẹranko tó ń ṣí tó ń pa dé, kó sì máa sọ̀rọ̀ tẹ̀ lé e. Ní ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà àti Yúróòpù, òdìkejì èyí ni wọ́n ń ṣe.

Ẹni tó bá ti dúró wo àwọn tó ń hun aṣọ òkè ní Ìlọrin yóò tètè lóye ìdí rẹ̀. Ahunṣọ yóò kọ́kọ́ na òwú gbọọrọ láti ìdí òfì rẹ̀ dé ibi tí ẹrù òkúta ti fà á le níwájú, kò sì sí bí aṣọ náà ṣe lè gùn ju òwú yẹn lọ. Òwú tó ń ti ọ̀tún bọ́ sí òsì ń dá àrà, àmọ́ inú èyí tí wọ́n ti nà sílẹ̀ ló ń gbà kọjá, bí èyí bá sì dẹ̀, aṣọ náà yóò wọ́. Ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ ni òwú nínà. Ibi tí òṣèré bá ti mí kanlẹ̀, tó dákẹ́ díẹ̀, tàbí tó fa ọ̀rọ̀ gùn, ni ayàwòrán ti ń mọ ibi tí àrà yóò ti yí padà.

Àwòrán 24 ló ń kọjá lójú wa ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nínú èyí tí wọ́n fi ọwọ́ yà, wọ́n sábà máa ń lo àwòrán kan lẹ́ẹ̀mejì, tí yóò fi jẹ́ 12 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, 720 ní ìṣẹ́jú kan. Wọ́n á tú ohùn náà palẹ̀ sínú ìwé tó ní ìlà fún àwòrán kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì kọ ìró tó bọ́ sí ìlà kọ̀ọ̀kan. Bó bá jẹ́ "Ìjàpá" ni, ètè á fẹ̀ díẹ̀ fún "ì", àgbọ̀n á sọ̀ kalẹ̀ fún "jà", ètè méjèèjì á sì pàdé kí "pá" tó jáde. Bí wọn kò bá pàdé, ojú òǹwòran yóò kọ̀ ọ́.

Ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ èdè wa kì í hàn létè ní tirẹ̀. Ọ̀fun ni wọ́n ti ń wá, nítorí náà "ọkọ", "ọkọ́" àti "ọkọ̀" kò yàtọ̀ lẹ́nu ẹni tí a yà. Ìpéǹpéjú, ọrùn àti èjìká ni ayàwòrán yóò fi gbé ohun tí ètè kò lè gbé, bí kò bá sì tíì gbọ́ ohùn náà, kò sí bí yóò ṣe mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí ilé iṣẹ́ Disney sọ The Jungle Book, ìwé ìtàn Rudyard Kipling tó jáde ní 1894, di káàtúùnù ní 1967, George Sanders ló fohùn sí ẹkùn ilẹ̀ Íńdíà tó ń jẹ́ Shere Khan, àwọn ayàwòrán sì mú ìrísí ojú òṣèré náà àti ìgbéraga jẹ́jẹ́ inú ohùn rẹ̀ wọ ara ẹranko náà. Ìwé kò lè fún wọn ní èyí. Lójú ẹni tó bá fara balẹ̀ wò ó, ọgbọ́n tó ga jù lọ nínú iṣẹ́ náà nìyẹn.

Òótọ́ ni pé ní Japan, wọ́n sábà máa ń ya àwòrán ṣáájú. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún káàtúùnù òkèèrè tí a fi Yorùbá lé lórí: ẹnu á ti pa dé, ọ̀rọ̀ á ṣì kù nílẹ̀. Bí a óò bá ya Ìjàpá tí ń sọ̀rọ̀ bí ará Òffà tàbí Òmù-Àrán, ó tọ́ kí a kọ́kọ́ gba ohùn apààlọ́ tó dáńgájíá sílẹ̀, pẹ̀lú imú tí Ìjàpá fi ń sọ̀rọ̀, kí ayàwòrán sì fi àyè sílẹ̀ níbi tí àwọn ọmọ yóò ti gbe orin.