Ẹgbẹ́ onílé ní Amẹ́ríkà: àǹfààní àti ìnira rẹ̀

Ẹgbẹ́ onílé, tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní HOA (homeowners association), ni ẹgbẹ́ tó ń ṣàkóso ẹ̀sítéètì tí àwọn èèyàn ti ra ilé. Ẹni tó bá ra ilé síbẹ̀ ti di ọmọ ẹgbẹ́ lọ́jọ́ tí ilé di tirẹ̀, bó wù ú, bí kò wù ú. Kí ilé tó di títà rárá ni àdéhùn ẹgbẹ́ ti wọ inú ìwé ilẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Ilẹ̀ ni àdéhùn ọ̀hún so mọ́: bí ilé náà bá ti ọwọ́ ẹni mẹ́wàá kọjá, ẹni kẹwàá wà lábẹ́ rẹ̀ bíi ti ẹni àkọ́kọ́. Ibi tó ti yàtọ̀ sí ẹgbẹ́ láńlọ́ọ̀dù tí a mọ̀ ní Èkó àti Ìbàdàn nìyẹn, níbi tí owó gétì, owó ọlọ́dẹ àti owó tiransifọ́mà ti ń jáde látinú ìpàdé àdúgbò. Community Associations Institute, àjọ tó ń ṣojú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1973, fojú bù ú pé irú ẹgbẹ́ yìí, pẹ̀lú ti àwọn onífúláàtì, ju 350,000 lọ ní Amẹ́ríkà, àwọn tó sì ń gbé lábẹ́ wọn ju mílíọ̀nù 70 lọ.

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́. Ní 1844, àwọn onílé Louisburg Square ní Boston jọ ṣàdéhùn láti máa tọ́jú ọgbà tó wà láàárín wọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, J. C. Nichols lo irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ káàkiri àdúgbò tó ń kọ́ ní Kansas City, ó sì kọ ọ́ sínú wọn pé aláwọ̀ dúdú kò gbọ́dọ̀ ra ilé tàbí gbé níbẹ̀. Òun nìkan kọ́ ló ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1948, nínú ẹjọ́ Shelley v. Kraemer, tó bẹ̀rẹ̀ látorí ilé kan tí ìdílé aláwọ̀ dúdú rà ní St. Louis, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sọ pé ilé ẹjọ́ kankan kò gbọ́dọ̀ fi agbára òfin ti irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn. Òfin ọdún 1968 wá ka ìyàsọ́tọ̀ nínú ọ̀rọ̀ ilé títà àti yíyá léèwọ̀. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ burúkú náà ṣì wà nínú ọ̀pọ̀ ìwé ilẹ̀ àtijọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò lágbára mọ́.

Owó ẹgbẹ́ ni gbòǹgbò àǹfààní rẹ̀. Oṣooṣù tàbí ọdọọdún ni onílé ń san án, òun ni wọ́n fi ń tọ́jú títì inú ẹ̀sítéètì, iná ìta, pápá ìṣeré ọmọdé àti adágún ìwẹ̀ tí agbára ẹnì kan kò lè ká. Aládùúgbò kò lè gbé ọkọ̀ tó ti dógùn-ún kalẹ̀ síwájú ilé fún ọdún mẹ́ta, kò sì lè sọ gáréèjì rẹ̀ di ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì. Ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì jù ní Houston, ìlú tí ọmọ Nàìjíríà pọ̀ sí, torí ìlú náà kò ní òfin tó pín ilẹ̀ sí ti ilé gbígbé àti ti òwò. Àdéhùn inú ìwé ilẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn níbẹ̀, ìjọba ìlú fúnra rẹ̀ sì lè pe ẹni tó bá rú u lẹ́jọ́.

Àṣẹ kan náà ló ń bí ìnira. Ó lè kan àwọ̀ ọ̀dà ilé, gíga fẹ́ǹsì, ọjọ́ tí garawa ìdọ̀tí lè wà níta, títí kan bóyá èèyàn lè fi ilé rẹ̀ háyà. Lẹ́tà ló sábà máa ń kọ́kọ́ dé: nọ́ńbà òfin tí wọ́n ní onílé rú, fọ́tò koríko rẹ̀ tó ti ga, àti iye ọjọ́ tó ní láti tún un ṣe. Tó bá kọtí ikún, owó ìtanràn ló kàn. Àwọn aládùúgbò tí wọ́n dìbò yàn ló wà nínú ìgbìmọ̀, ọ̀fẹ́ sì ni ọ̀pọ̀ wọn ń ṣe é, nítorí náà ẹni tí ẹ jọ ń kí ara yín láàárọ̀ ló máa dá ẹjọ́ koríko yín. Níbi tí èèyàn kì í ti í wá sí ìpàdé, ọwọ́ àwọn díẹ̀ tó ráyè ni gbogbo àṣẹ ń bọ́ sí. Ìjọba ti dá sí i nígbà mélòó kan. Òfin 1996 fàyè gba sátẹ́láìtì tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju mítà kan lọ, ti 2005 fàyè gba àsíá orílẹ̀-èdè. Nígbà ọ̀dá ní California, wọ́n ṣòfin ní 2014 pé ẹgbẹ́ kò gbọ́dọ̀ bu owó ìtanràn lé ẹni tí kò bomi rin koríko rẹ̀.

Èyí tó dunni jù ni pé ẹgbẹ́ lè tìtorí gbèsè owó ẹgbẹ́ ta ilé mọ́ èèyàn lórí. Ní Texas, wọ́n ta ilé sójà kan tó wà lójú ogun ní Iraq nítorí gbèsè tí kò tó 1,000 dọ́là, bẹ́ẹ̀ ó ti san owó ilé náà tán. Ó gba ilé rẹ̀ padà ní 2010. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Texas ṣòfin pé ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ gba àṣẹ ilé ẹjọ́ kó tó ta ilé. Ní California, gbèsè owó ẹgbẹ́ tí kò tó 1,800 dọ́là, tí kò sì tíì pé ọdún kan, kò tó láti fi ta ilé.

Àmọ́ owó tí ẹgbẹ́ kò gbà náà léwu. Champlain Towers South, ilé alájà méjìlá ní Surfside, Florida, wà lábẹ́ ẹgbẹ́ àwọn onífúláàtì. Ní 2018, ẹnjiníà kan kọ ọ́ sílẹ̀ pé kọnkéré abẹ́ adágún ìwẹ̀ ti bàjẹ́ gan-an. Iye owó àtúnṣe dá àríyànjiyàn sílẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ ìgbìmọ̀ sì kọ̀wé fipò sílẹ̀ ní 2019. Ìgbà tí wọ́n fi jọ fẹnu kò lórí mílíọ̀nù 15 dọ́là, ọdún 2021 ti dé. Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí sísan bẹ̀rẹ̀ tí ilé náà fi wó lóru ọjọ́ 24 oṣù kẹfà, èèyàn 98 ló kú. Ṣáájú ìgbà náà, àwọn onífúláàtì ní Florida lè dìbò pé àwọn kò ní fi owó àtúnṣe ńlá pa mọ́. Òfin 2022 fòpin sí ìyẹn fún ilé alájà mẹ́ta sókè láti ìparí 2024, ó sì pọn àyẹ̀wò ilé àtijọ́ ní dandan. Owó ẹgbẹ́ ga sókè débi pé àwọn òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì kan ń ta fúláàtì wọn, ìyẹn ló mú kí ilé aṣòfin fún àwọn ẹgbẹ́ láyè díẹ̀ sí i ní 2025 lórí ọ̀nà tí wọ́n máa gbà kó owó náà jọ.