Iná Ọ́ìlì Tó Ń Ṣẹ́jú Lókè Ẹ̀fọ̀n

Tí ẹ bá ti wakọ̀ gun òkè láti Àrámọkọ lọ sí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè rí, ẹ ó mọ̀ pé ọ̀nà yẹn kì í bo àṣírí mọ́tò. Níbẹ̀ ni màmá kan, tísà tó ti fẹ̀yìn tì, ti rí iná pupa kan nínú dáṣíbọ́ọ̀dù Corolla wọn. Ó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì ní kọ́nà, ó kú. Nígbà tí wọ́n dé ibi tó tẹ́jú, kò tàn mọ́. Mẹkáníìkì tí wọ́n kọ́kọ́ bá pàdé ní ẹ́ńjìnnì ti fẹ́ nọ́ọ̀kì, kí wọ́n tètè máa wá owó tòkunbọ̀ mìíràn. Bí wọ́n ṣe gbé e dé ọ̀dọ̀ mi ní Adó nìyẹn, ojú wọn ti fà.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé lóòótọ́ ló ti kú?"

Mo fa gèéjì ọ́ìlì yọ. Orí rẹ̀ gbẹ táútáú.

"Màmá, kò tíì kú. Ebi ló ń pa á."

Iná pupa yẹn ni kí n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lé, torí ọ̀pọ̀ awakọ̀ ni kò mọ iṣẹ́ tó ń ṣe. Kì í ṣe iye ọ́ìlì tó kù ló ń ṣọ́. Agbára tí pọ́ǹpù fi ń ti ọ́ìlì kiri inú ẹ́ńjìnnì ló ń ṣọ́. Ọ́ìlì lè ti dín ní lítà kan àbọ̀ kí iná náà má sì sọ nǹkan kan fún yín lórí títì tó tẹ́jú. Ẹ wá jẹ́ kí mọ́tò gbé imú sókè, kó tún yí kọ́nà: ọ́ìlì díẹ̀ tó kù á sún sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹnu pọ́ǹpù á fa afẹ́fẹ́, iná á ṣẹ́jú. Bí ilẹ̀ bá tún tẹ́jú, ọ́ìlì á padà síbi tó wà, iná á kú, awakọ̀ á ní, "Sẹ́nsọ̀ ló ń ṣeré." Ní gbogbo àkókò tí iná yẹn fi ń ṣẹ́jú, irin ló ń ha irin.

Ẹ́ńjìnnì tó wà nínú mọ́tò màmá ni wọ́n ń pè ní 1ZZ-FE. Tí ẹ bá ní Corolla tó ti Amẹ́ríkà wá, láti ọdún 1998 títí dé 2008, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ òun lẹ ní. Òun náà ló wà nínú Matrix àti Pontiac Vibe ìgbà yẹn. Sílíńdà mẹ́rin, fáàfù 16, inú sílíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gba sísí (cc) 1794. Èyí tó jáde ní 1998 ní agbára ẹṣin 120, ti 2003 ní 130. Ṣéènì ló ń yí fáàfù rẹ̀, kì í ṣe bélíìtì. Ẹni tó bá ní kí ẹ wá ra tàímìn-ìn bélíìtì fún un, ẹ kí i dáadáa, kí ẹ sì gba ilé yín lọ. Álúmíníọ́mù ni ara rẹ̀ látòkè délẹ̀, irin kàn tẹ́ inú sílíńdà ni. Ẹ má gbàgbé ọ̀rọ̀ álúmíníọ́mù yẹn, mo ṣì ń bọ̀ lórí rẹ̀.

Ẹ́ńjìnnì tó dáa ni, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Àmọ́ ó ń mu ọ́ìlì, àwọn ti 1998 sí 2002 ló sì burú jù. Písítìn kọ̀ọ̀kan ní rìǹgì mẹ́ta. Méjì tó wà lókè ló ń há iná àti afẹ́fẹ́ mọ́ kó má sá. Ẹ̀kẹta, rìǹgì ọ́ìlì, ló ń ha ọ́ìlì kúrò lára ògiri sílíńdà, ọ́ìlì náà á wá gba ihò wẹ́wẹ́ tó wà lára písítìn sọ̀ kalẹ̀. Nínú àwọn ẹ́ńjìnnì àkọ́kọ́ wọ̀nyẹn, ihò náà kéré, wọn ò sì pọ̀. Toyota padà tún písítìn náà ṣe. Bí ọ́ìlì bá pẹ́ jù nínú ẹ́ńjìnnì, á di èédú, èédú á dí ihò, rìǹgì á lẹ̀ mọ́ ojú ibi tó jókòó sí. Ọ́ìlì tí kò rí ọ̀nà padà á bá epo jó, á sì gba sàlẹ́ńsà jáde ní èéfín búlúù. Bí ó bá pẹ́, á ba katalísítì, ohun tó ń fọ èéfín mọ́ nídìí sàlẹ́ńsà, jẹ́, bí ẹnì kan ò bá tíì gé e tà.

Ohun kan wà tó máa ń tan àwa mẹkáníìkì pàápàá jẹ. A óò fi gèéjì mìíràn, kì í ṣe ti ọ́ìlì, sí ihò púlọ́ọ̀gì láti wọn kọ́ńpúrẹ́ṣàn, ìyẹn agbára tí písítìn fi ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀. Ẹ́ńjìnnì yìí yẹ kó ka bíi 189 psi, kò gbọdọ̀ sọ̀ kalẹ̀ ju 145 lọ, sílíńdà kan ò sì gbọdọ̀ fi ju 15 lọ yàtọ̀ sí èkejì. Mọ́tò tó ń mu ọ́ìlì bí ẹni mu ẹmu lè ka 180 ní mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Rìǹgì méjì òkè ló ń fún wa ní nọ́ńbà yẹn, wọ́n sì lè wà láàyè kí ti ọ́ìlì ti kú tipẹ́. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá ní kọ́ńpúrẹ́ṣàn dáa, pé ìṣòro kì í ṣe rìǹgì, kò tíì parí àyẹ̀wò.

Àyẹ̀wò tó tọ́ kò ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ gbé mọ́tò sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ pa á, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ fa gèéjì ọ́ìlì, ẹ nù ún, ẹ tì í padà sí àyè rẹ̀, ẹ tún fà á. Ẹ da ọ́ìlì sí i títí dé àmì òkè, ẹ kọ kìlómítà sílẹ̀, kí ẹ máa lò ó. Lẹ́yìn kìlómítà 1000, ẹ wo iye tí ẹ ní láti dà kó tó padà síbi àmì yẹn. Ìwé tí Toyota fi sínú mọ́tò gba títí dé lítà 1 láàárín kìlómítà 1000. Ó pọ̀ lójú tèmi. Bí ó bá jẹ́ ìdajì lítà, mi ò ní ní kí ẹ tú ẹ́ńjìnnì, ẹ kàn máa bọ́ ọ. Bí ó bá kọjá lítà kan, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ písítìn àti rìǹgì tuntun, kì í ṣe tòkunbọ̀ tí ẹ ò mọ ibi tó ti jìyà.

Máìlì ni ọ̀pọ̀ Corolla tó ti Amẹ́ríkà wá ń kà, kì í ṣe kìlómítà! Ẹni tó bá ń dúró de 5000 lójú dáṣíbọ́ọ̀dù kó tó pa ọ́ìlì dà ti rin bíi kìlómítà 8000. Kìlómítà 1000 tí mo ní kí ẹ fi wọ̀n jẹ́ nǹkan bíi máìlì 620. Èmi máa ń ní kí wọ́n padà wá ní máìlì 3000. Ọ́ìlì 5W-30 (nọ́ńbà yẹn ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ki tó) ni ìwé rẹ̀ ní kí á lò. Kẹ́ẹ̀gì lítà 4 kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó o, ṣùgbọ́n ẹ má dà á tán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ ṣẹ́ díẹ̀ kù sínú kẹ́ẹ̀gì, ẹ wo gèéjì ná. Ọ́ìlì tó pọ̀ jù náà ń ṣe ibi.

Ó wá ku álúmíníọ́mù tí mo ní mò ń bọ̀ lórí rẹ̀. Bí ó bá gbóná kọjá ààlà, ó ń wọ́. Orí ẹ́ńjìnnì tó ti wọ́ kò ní jókòó mọ́ ara, tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì tó wà láàárín wọn á jó, omi á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú ọ́ìlì. Òkè wa níbí kò sì ṣàánú ràdíétọ̀. Omi kànga ni ọ̀pọ̀ ń dà sí i. Omi yẹn ń fi ìpẹ́ sílẹ̀ nínú ràdíétọ̀, ó sì ń jẹ álúmíníọ́mù. Kúláǹtì ni kí ẹ lò. Ó gbà ju lítà mẹ́fà lọ.

Èyí tó ń dùn mí jù ni tẹ́mósítáàtì, ilẹ̀kùn kékeré tó ń dí ọ̀nà omi títí ẹ́ńjìnnì á fi gbóná. "Ilẹ̀ wa gbóná, a ò nílò rẹ̀," ni wọ́n á sọ, wọ́n á yọ ọ́ jù nù. Láàárín 80 sí 84 lórí ìwọ̀n sẹ́ńtígíréèdì ló máa ń ṣí. Bí kò bá sí, ẹ́ńjìnnì á máa tutù jù, kọ̀ǹpútà rẹ̀ á rò pé òwúrọ̀ ṣì ni, á máa fún un ní epo lọ́pọ̀ jù. Lẹ́yìn náà lẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí í bú ilé epo.

Àwọn yòókù kò le. Bí ọ́ìlì bá ń jò lẹ́bàá ṣéènì, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ wo rọ́bà roboto tó wà lábẹ́ ohun tó ń fa ṣéènì le. Náàtì méjì ló mú un. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó bá yọ ọ́ rántí fi ìkọ́ rẹ̀ mú un kó tó dá a padà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ṣéènì á dẹ̀. Bí iná ẹ́ńjìnnì bá tàn nígbà ọyẹ́, tí kọ́ọ̀dù tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ gbé jáde sì jẹ́ P0171 (afẹ́fẹ́ ti pọ̀ ju epo lọ), ẹ nu sẹ́nsọ̀ afẹ́fẹ́ kí ẹ tó ra nǹkan kan. Bí ó bá jẹ́ P1349 (ẹ̀rọ tí ọ́ìlì fi ń yí àkókò fáàfù padà kò ṣiṣẹ́ dáadáa), ẹ bi ara yín léèrè ìgbà tí ẹ pa ọ́ìlì dà kẹ́yìn.

Ti màmá, mo bọ́ ẹ́ńjìnnì wọn, mo sì fún wọn ní ìwé kékeré kan láti máa fi kọ máìlì sílẹ̀. Láàárín kìlómítà 1000 àkọ́kọ́, ó mu díẹ̀ lé ní ìdajì lítà. A ò tú u. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n pè mí láti Ẹ̀fọ̀n pé àwọn ti gun òkè, iná ò ṣẹ́jú. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n wo gèéjì kí wọ́n tó kúrò nílé.

"Ìwọ ọmọ yìí," wọ́n ní, "àbí o fẹ́ kí n gbé ìwé wá kí o wá máàkì í?"