Dídà irin fún ọkọ̀ lásìkò tí ẹ́ńjìnì ń yí padà

Dídà irin ni kí a yọ́ irin títí yóò fi ṣàn bí omi, kí a dà á sínú mọ́ọ̀dù, kí ó sì dì níbẹ̀ ní àwòrán ohun tí a fẹ́. Ó yàtọ̀ sí rírọ, tí alágbẹ̀dẹ ń fi òòlù àti owú ṣe. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ti jẹ́ oníbàárà pàtàkì fún àwọn ilé-iṣẹ́ adàrin, nítorí pé dídà ni wọ́n sábà máa ń da bọ́lọ́ọ̀kì (ara ẹ́ńjìnì gan-an), tọ́pù sìlíńdà (ìdérí rẹ̀), písítìnì àti àpótí jíà. Bí ọkọ̀ oníbátìrì, ọkọ̀ háíbíríìdì tó ń lo epo pọ̀ mọ́ bátìrì, àti ọkọ̀ onígáàsì ṣe ń pọ̀ sí i, ohun tí wọ́n ń dà ń yí padà, irú irin tí wọ́n fi ń dà á náà sì ń yí padà. Ní Àkúrẹ́ àti ìlú Oǹdó, ọ̀rọ̀ náà kan yunifásítì, ilé ìwádìí, mẹkáníìkì, àti àwọn tó ń fi àlòkù ẹ́ńjìnì da ìkòkò ọbẹ̀.

Irin inú ẹ́ńjìnì

Inú ẹ́ńjìnì epo jẹ́ ibi tí iná ti ń bú gbàmù lemọ́lemọ́. Irin dídà aláwọ̀ eérú ni wọ́n kọ́kọ́ gbára lé fún bọ́lọ́ọ̀kì. Kábọ́nù inú rẹ̀ máa ń tó ìdá 2.5 sí 4 nínú 100, èyí ló sì jẹ́ kó máa yọ́ ní nǹkan bí 1,200°C, nígbà tí ògidì irin kò ní yọ́ àfi tí iná bá tó 1,538°C. Kábọ́nù yìí máa ń dúró láàárín irin bí ìpẹ́ ẹja, ó sì máa ń gba gbígbọ̀n ẹ́ńjìnì mọ́ra. Ní 1932, Ford gbé ẹ́ńjìnì V8 jáde tí wọ́n da bọ́lọ́ọ̀kì rẹ̀ ní ẹyọ kan ṣoṣo, ohun tó ṣòro gan-an nígbà náà.

Àléébù ìpẹ́ náà ni pé ibẹ̀ ni irin ti máa ń là. Ní 1948, wọ́n kéde ní Amẹ́ríkà pé bí a bá fi magnesium díẹ̀ sínú irin yíyọ́, kábọ́nù yóò ṣù bí hóró dípò kó fẹ̀ bí ìpẹ́, irin náà yóò sì le, kò ní máa dá wẹ́wẹ́. Láàárín méjèèjì ni irú kẹta wà, tí kábọ́nù rẹ̀ rí bí ìdin. Òun ni Audi fi da bọ́lọ́ọ̀kì V8 oní-dísù rẹ̀ ní 1999, ó sì ṣì wà nínú ẹ́ńjìnì àwọn tírélà ńlá.

Ìwúwo ló fa àlùmíníọ̀mù wọlé. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 2.7 gíráàmù nínú sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́ta kan, ti irin dídà sì lé ní 7. 660°C péré ni ògidì rẹ̀ fi ń yọ́. Wọ́n máa ń fi sílíkọ́nì sí i kó lè ṣàn dé gbogbo kọ̀rọ̀ mọ́ọ̀dù. Sílíkọ́nì inú ti písítìnì máa ń tó nǹkan bí ìdá 12 nínú 100, kó má baà wú jù nínú ooru. Mẹkáníìkì tó ti tú ẹ́ńjìnì tó gbóná kọjá ààlà mọ ìyàtọ̀ àwọn irin wọ̀nyí dáadáa ju ẹni tó kà á nínú ìwé lọ: bọ́lọ́ọ̀kì onírin sábà máa ń fara dà á, ṣùgbọ́n tọ́pù alálùmíníọ̀mù á wọ́, wọ́n á sì ní láti gbé e lọ síbi tí ẹ̀rọ ti máa fá ojú rẹ̀ kó tún tẹ́jú.

Ohun tí ọkọ̀ oníbátìrì ń gbà

Ọkọ̀ tó ń lo bátìrì nìkan kò ní bọ́lọ́ọ̀kì, kò ní tọ́pù, kò ní sàlẹ́ńsà. Ìyẹn kò sọ pé kò gba ohun dídà. Ó ń fẹ́ àpótí tí mọ́tò iná yóò jókòó sí, àpótí jíà kékeré, àpótí ẹ̀rọ tó ń yí iná bátìrì padà fún mọ́tò, àti férémù tí bátìrì yóò wà nínú rẹ̀. Àlùmíníọ̀mù ni wọ́n sábà máa ń fi dà wọ́n, nítorí pé bátìrì fúnra rẹ̀ ti wúwo tó.

Iṣẹ́ tí ohun dídà ń ṣe ló yí padà jù. Nínú ẹ́ńjìnì, ó ń fara da iná. Lára mọ́tò iná, gbígbé ooru kúrò ni iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n máa ń dá ọ̀nà omi yípo ara àpótí mọ́tò, nígbà mìíràn pẹ̀lú iyanrìn tí wọ́n mọ sáàárín mọ́ọ̀dù, tí wọ́n á sì gbọ̀n dànù nígbà tí àlùmíníọ̀mù bá ti dì. Ihò bíńtín kan tí afẹ́fẹ́ fi sílẹ̀ lè jẹ́ kí omi jò sára wáyà. Nítorí náà, ilé-iṣẹ́ a máa fi gáàsì argon tàbí nitrogen lé hydrogen, gáàsì tó ń fa irú ihò bẹ́ẹ̀, jáde nínú àlùmíníọ̀mù yíyọ́, a sì máa fa afẹ́fẹ́ inú mọ́ọ̀dù jáde kí wọ́n tó dà á.

Nínú irú mọ́tò kan tí kò lo mágínẹ́ẹ̀tì, apá tó ń yí gan-an jẹ́ ohun dídà: wọ́n á ti àlùmíníọ̀mù yíyọ́ gba àárín àwọn páànù irin tí wọ́n tò léra. Bàbà ń gbé iná ju àlùmíníọ̀mù lọ (ìdá 61 nínú 100 ti bàbà ni àlùmíníọ̀mù ń gbé), ṣùgbọ́n 1,085°C ni bàbà ń yọ́, ooru yẹn sì máa ń tètè ba mọ́ọ̀dù jẹ́.

Ohun tó gba ìròyìn jù ni dídà ara ọkọ̀ ní ẹyọ ńlá. Ní 2020, Tesla bẹ̀rẹ̀ sí í lo ẹ̀rọ IDRA, ilé-iṣẹ́ Ítálì kan, ní Fremont ní Kalifọ́níà fún apá ẹ̀yìn ọkọ̀ Model Y rẹ̀. Agbára tí ẹ̀rọ náà fi ń di mọ́ọ̀dù mú tó 6,000 tọ́ọ̀nù, ẹyọ kan tàbí méjì sì rọ́pò nǹkan bí 70 páànù tí wọ́n ń jó pọ̀ tẹ́lẹ̀. Volvo kéde irú rẹ̀ ní 2022, Toyota ní 2023. Ohun dídà tó fẹ̀ tó báyìí tó sì fẹ́lẹ́ máa ń wọ́ bí wọ́n bá tún fi iná sun ún kí wọ́n sì rì í sómi láti mú un le, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe àdàlù àlùmíníọ̀mù tí kò nílò iná kejì. Ẹ̀yìn àǹfààní yìí ni ìṣòro páńbítà wà: páànù tó tẹ̀ ṣeé lù jáde, àlùmíníọ̀mù dídà tó bá sán kò ṣeé fi òòlù tún ṣe.

Irin kò kúrò pátápátá. Díìsìkì bíréèkì ṣì sábà máa ń jẹ́ irin aláwọ̀ eérú. Ṣùgbọ́n mọ́tò iná ló ń dín eré ọkọ̀ oníbátìrì kù lọ́pọ̀ ìgbà, bíréèkì kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́, díìsìkì sì máa ń dípẹtà. Volkswagen tilẹ̀ padà sí bíréèkì onídúróòmù fún táyà ẹ̀yìn ọkọ̀ oníbátìrì rẹ̀, ID.3, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti kà sí ti ayé àtijọ́. Òfin Euro 7 lórí èéfín ọkọ̀, tí Yúróòpù gbà ní 2024, ti fi ààlà sí eruku bíréèkì pẹ̀lú, àwọn adàrin sì ń wá ohun líle tí wọ́n lè fi bo ojú díìsìkì.

Àlòkù

Ìyípadà yìí kan àlòkù ju bí ọ̀pọ̀ ìròyìn ṣe ń sọ lọ. Àlòkù àlùmíníọ̀mù máa ń ní irin díẹ̀ nínú, yíyọ irin náà kúrò sì ṣòro. Irin náà máa ń dì bí abẹ́rẹ́ wẹ́wẹ́ tó ń jẹ́ kí àlùmíníọ̀mù tètè sán. Manganese lè yí ìrísí abẹ́rẹ́ náà padà, ṣùgbọ́n ó níbi tó mọ. Bọ́lọ́ọ̀kì àti àpótí jíà kò kọ irú àlòkù bẹ́ẹ̀. Ara ọkọ̀ tó gbọ́dọ̀ tẹ̀ kó tó já nígbà ìjàǹbá kọ̀ ọ́, nítorí pé irin inú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ pọ̀. Bí ẹ́ńjìnì bá ń dín kù, ibi tí àlòkù onídàrúdàpọ̀ ń wọ̀ yóò dín kù pẹ̀lú.

Ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó

Dídà kì í ṣe àjèjì nílẹ̀ Yorùbá. Àwọn orí idẹ Ifẹ̀ tí wọ́n wú jáde ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ ní 1938, ìda oyin ni wọ́n kọ́kọ́ fi mọ wọ́n, wọ́n fi amọ̀ bò ó, wọ́n yọ́ ìda náà dànù, wọ́n sì da idẹ sí àyè rẹ̀. Ara wọn fẹ́lẹ́, inú wọn sì ṣófo. Dídà ohun tó fẹ́lẹ́ láìjẹ́ kó dì kó tó kún mọ́ọ̀dù náà ni iṣẹ́ tí àwọn ẹ̀rọ ńlá òde òní ń bá jà.

Ní Àkúrẹ́, Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Ìjọba Àpapọ̀ (FUTA), tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1981, ní ẹ̀ka tó ń kọ́ni nípa irin àti àwọn èlò ìkọ́lé ẹ̀rọ. EMDI, ilé ìwádìí èlò ẹ̀rọ tó wà lábẹ́ NASENI (àjọ ìjọba àpapọ̀ fún ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀rọ), wà nílùú náà pẹ̀lú. Àwọn olùwádìí FUTA ti tẹ iṣẹ́ jáde lórí àlùmíníọ̀mù tí wọ́n ro pọ̀ mọ́ eérú èèpo ìrẹsì àti eérú ewé ọparun kí wọ́n tó dà á. Sílíkà tó pọ̀ nínú eérú wọ̀nyí le, kò sì wúwo, bẹ́ẹ̀ ni kò wọ́n bí àwọn èròjà líle tí wọ́n ń rà láti òkè òkun. Fún ọkọ̀ tó ń wá ohun fífúyẹ́, ìwádìí bẹ́ẹ̀ bá àsìkò mu.

Lójú títì, gáàsì ni ìyípadà tí ọ̀pọ̀ awakọ̀ kọ́kọ́ rí. Lẹ́yìn tí ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní May 2023, ó bẹ̀rẹ̀ ètò ìyípadà ọkọ̀ sí CNG, ìyẹn gáàsì tí wọ́n fún pọ̀ sínú sìlíńdà. Gáàsì kò mú bọ́lọ́ọ̀kì tàbí tọ́pù kúrò, ṣùgbọ́n ó gbẹ ju epo lọ, ìjókòó fáàfù (ibi tí fáàfù ti ń pa dé nínú tọ́pù) sì lè tètè jẹ. Nítorí náà ó ń béèrè irin tó le sí i níbẹ̀.

Àwọn tó ń da ìkòkò ní tiwọn máa ń ra àlùmíníọ̀mù àlòkù lọ́wọ́ àwọn tó ń ra irin kọ́ńdẹ́ḿ kiri: písítìnì, àpótí jíà, tọ́pù tó ti sán. Iyanrìn ni mọ́ọ̀dù wọn, èédú tàbí ọ́ìlì ẹ́ńjìnì tí wọ́n ti lò ni iná wọn, fáànù sì ti gba iṣẹ́ ẹwìrì. Àlòkù tí kò mọ́ lè gbé òjé wọ inú ìkòkò, kó sì ti ibẹ̀ wọ oúnjẹ. Mọ́tò ọ̀kadà oníná, tó máa ń wà nínú táyà ẹ̀yìn, mú ọ̀ràn tuntun wá. Ìta rẹ̀ jẹ́ àlùmíníọ̀mù dídà, ṣùgbọ́n mágínẹ́ẹ̀tì, wáyà bàbà àti páànù irin tẹ́ẹ́rẹ́ ló kún inú rẹ̀. Bí wọ́n bá jù ú sínú iná láìtú u, bàbà náà yóò yọ́ mọ́ àlùmíníọ̀mù, irin yóò sì rì sísàlẹ̀, yóò máa wọnú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ níwọ̀n bó bá ṣe pẹ́ tó lórí iná.