Àáké tó fẹ́ pẹ́ nílé

Ẹnu àáké ni gbogbo èèyàn ń yẹ̀ wò, ṣùgbọ́n ibi tí igi ti wọnú irin ni àáké tí wọ́n tọ́jú pamọ́ ti sábà ń bàjẹ́. Ẹ̀rú rẹ̀, igi tọ́wọ́ ń dì mú, ń bá ojú ọjọ́ yí ni. Lásìkò òjò, á fa ọ̀rinrin, á wú. Bí ọyẹ́ bá dé, á gbẹ, á sún kì. Irin ò bá a yí. Bí igi bá wá wú nínú ihò irin tí kò gbà á láyè, ara rẹ̀ á rún mọ́ra. Tó bá fi máa gbẹ padà, ó ti kéré sí ti tẹ́lẹ̀. Ohun tó ń mú kí orí àáké máa mì nìyẹn. Ká rì í sómi mọ́jú ńkọ́? Á le lọ́jọ́ kejì lóòótọ́, àmọ́ bó bá gbẹ, mímì rẹ̀ á ju ti àná lọ.

Àáké àwọn alágbẹ̀dẹ wa kò rí bẹ́ẹ̀. Níbẹ̀, irin ló wọnú igi: wọ́n á fi irin gbígbóná dá kókó orí ẹ̀rú lu, wọ́n á ki ìrù àáké bọ̀ ọ́. Bí wọ́n ṣe ń gégi ló ń wọlé sí i. Ọgbọ́n ńlá ni. Líla ni wàhálà tirẹ̀, bí igi bá gbẹ jù. Nítorí náà, kì í ṣe òkè ààrò ló yẹ kí àáké wà, bí èéfín tilẹ̀ ń lé kòkòrò.

Epo linseed, ìyẹn epo tí wọ́n ń fún lára hóró ọ̀gbọ̀, ló dára fún ẹ̀rú, torí ó ń gbẹ mọ́ igi lára. Epo pupa kì í gbẹ. Á kàn máa kó eruku. Àkísà tí wọ́n fi pa epo linseed kò gbọdọ̀ wà ní kíká jọ o: ó lè gbóná fúnra rẹ̀ títí á fi gbiná. Ìta ni kí wọ́n tẹ́ ẹ sí kó gbẹ.

Ti irin rọrùn: ká nu oje igi kúrò, ká pọ́n ọn, ká fi gírísì pa á fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ ni wọ́n fi pọ́n ọn tí ẹnu rẹ̀ sì ṣú bí aró, iná ti jẹ ẹ́, mímú rẹ̀ kò ní tọ́jọ́ mọ́. Àkọ̀ awọ dára lọ́nà oko, kò dára fún ìpamọ́, torí awọ ń pa omi mọ́ sára irin. Ara ògiri ni ká gbé e kọ́, kí ikán má bàa rí i.

Bí wọ́n bá gbé àáké tí igi wọnú irin rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn oṣù mélòó kan tí orí rẹ̀ ń mì díẹ̀, wọ́n á di ẹ̀rú mú, orí nísàlẹ̀, láìjẹ́ kó kanlẹ̀, wọ́n á wá fi igi lu ìdí ẹ̀rú. Èèyàn á rò pé irin náà máa já bọ́, àmọ́ ńṣe ló ń gun igi lọ sókè díẹ̀díẹ̀, títí ìró rẹ̀ á fi yí padà.