Àṣìṣe System Information lórí kọ̀ǹpútà ilé

Àṣìṣe System Information ni ìdíwọ́ tó ń yọjú nígbà tí kọ̀ǹpútà tó ń lo Windows kò bá lè sọ ohun tó wà nínú ara rẹ̀. Ètò tí orúkọ fáìlì rẹ̀ ń jẹ́ msinfo32.exe ló yẹ kó to irú ẹ̀rọ, processor, ìwọ̀n RAM, ẹ̀dà BIOS (ètò tó ń jí ẹ̀rọ kí Windows tó dé), háàdì dísìkì àti dráífà sójú kan. Dípò ìyẹn, àpótí kékeré kan á yọ sójú ẹ̀rọ. “Can't Collect Information” ni wọ́n kọ sí i lórí. Àlàyé abẹ́ rẹ̀ ń sọ pé ọwọ́ ètò náà kò tẹ Windows Management Instrumentation, pé ó ṣeé ṣe kí àwọn fáìlì rẹ̀ ti kúrò ní ààyè wọn tàbí kí wọ́n ti sọnù. Ọ̀pọ̀ ló ń rí àpótí yìí tí wọ́n á gbà pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́, pé fóòmátì ló kù. Kò rí bẹ́ẹ̀. RAM wà níbi tó wà, háàdì wà níbi tó wà. Alárinà tó ń bá wọn sọ̀rọ̀, ìyẹn Windows Management Instrumentation yẹn, ló ṣubú, ó sì ṣeé gbé dìde.

Ẹni tó ń ra láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ ní Òṣogbo, ìbáà jẹ́ ní Ọláìyá tàbí ní Alékúwọdò, nílò ojú ìwé yìí kó tó sanwó, torí ibẹ̀ ló ti máa rí i bóyá 8GB tí wọ́n pè é ló wà nínú rẹ̀ lóòótọ́. Ẹni tó ti ní tiẹ̀ nílé náà nílò rẹ̀. Ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró, ìlà “BIOS Mode” àti “Secure Boot State” sì wà lára ohun tí a fi ń mọ̀ bóyá ẹ̀rọ yóò gba Windows 11.

Alárinà àti àká rẹ̀

msinfo32 fúnra rẹ̀ kì í wo inú ẹ̀rọ. Ìbéèrè ló ń gbé lọ bá Windows Management Instrumentation, tí a ń pè ní WMI, èyí tó ti wà nínú Windows láti ìgbà Windows 2000, tó sì ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀ pẹ̀lú orúkọ Winmgmt. WMI á wo inú àká rẹ̀, ìyẹn fódà C:\Windows\System32\wbem\Repository, láti mọ ẹni tí yóò rán níṣẹ́. Á rán an, á gba èsì, á sì gbé èsì náà padà. Nínú àká yìí, fáìlì OBJECTS.DATA ni ẹrù gan-an, INDEX.BTR ni atọ́ka tó ń sọ ibi tí ẹrù kọ̀ọ̀kan wà, àwọn fáìlì MAPPING sì ń pa ìlà wọn mọ́. Bí atọ́ka bá ń tọ́ka sí ibi tí ẹrù kò sí, àká ti dàrú nìyẹn.

Ìdí nìyí tí kì í fi í ṣe msinfo32 nìkan ló ń ṣàárẹ̀. Àṣẹ systeminfo náà lè máa fèsì àṣìṣe, Security Center lè má rí antivirus tó wà lórí ẹ̀rọ, àwọn ètò míì tó ń bi WMI léèrè á sì máa kọsẹ̀. WMI náà kò dá dúró: Remote Procedure Call (RPC), iṣẹ́ abẹ́lẹ̀ tí àwọn ètò fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, ló gbé e lẹ́yìn, ó sì nílò àṣẹ alábòójútó (administrator) fún àwọn ìbéèrè kan.

Ohun tó ń fà á

Ní ìlú tí iná ti ń lọ láìdágbére, ọ̀nà tó yá jù fún àká láti dàrú ni kí ẹ̀rọ kú nígbà tí Windows ṣì ń kọ nǹkan sínú OBJECTS.DATA. Dẹ́sítọ́ọ̀pù tí kò ní UPS wà nínú ewu yìí lójoojúmọ́. Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tí bátìrì rẹ̀ ti kú náà kò sàn jù ú lọ, torí bí iná bá ti lọ, lójú ẹsẹ̀ ló ń kú. Háàdì tó ti ń gbó, tí àwọn ibì kan lórí rẹ̀ kò ṣeé kà mọ́, ń fa irú ìdàrú kan náà, ó sì burú ju ti iná lọ nítorí pé àṣìṣe yóò máa padà wá lẹ́yìn gbogbo àtúnṣe.

Àwọn ètò tí wọ́n ń polówó pé àwọn máa ń mú kọ̀ǹpútà yára wà lára ohun tó yẹ kí á fura sí. Iṣẹ́ àwọn kan nínú wọn ni kí wọ́n máa pa àwọn iṣẹ́ abẹ́lẹ̀ Windows, Winmgmt náà sì lè bá a lọ. Windows tí wọ́n ti gé kúrú kí ó lè wọ ẹ̀rọ tí agbára rẹ̀ kò tó, tí àwọn kan ń fi sórí láptọ́ọ̀pù kí wọ́n tó tà á, lè jẹ́ pé wọ́n ti yọ apá kan WMI sọnù láti ìbẹ̀rẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì náà máa ń fọwọ́ kàn án.

Àyẹ̀wò

Kí á tún ẹ̀rọ tàn ní àkọ́kọ́. Bí àṣìṣe bá ṣì wà, kí á kọ msinfo32 sínú àpótí ìwákiri, kí á fi ọ̀tún máòsì tẹ̀ ẹ́, kí á sì yan “Run as administrator”. Bó bá ṣí báyìí, ọ̀ràn àṣẹ alábòójútó lásán ni, kò sí ohun tó bàjẹ́.

Bí kò bá ṣí, kí á tẹ Windows àti R pọ̀, kí á kọ services.msc, kí á wá “Windows Management Instrumentation”. “Running” ló yẹ kó wà lábẹ́ Status, “Automatic” lábẹ́ Startup Type. Kí á wo “Remote Procedure Call (RPC)” náà. Kí ó má yà wá lẹ́nu pé àwọn bọ́tìnì tirẹ̀ kò ṣeé tẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Microsoft ṣe é. Ẹni tó bá fẹ́ràn Command Prompt, fèrèsé tí a ń kọ àṣẹ sí, lè ṣí i gẹ́gẹ́ bí alábòójútó, kó sì kọ:

sc query winmgmt

Ìlà STATE gbọ́dọ̀ sọ pé 4 RUNNING. Bí wọ́n bá ti pa iṣẹ́ náà, àṣẹ méjì ló ń tún un ṣe:

sc config winmgmt start= auto
net start winmgmt

Àlàfo gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn àmì = yẹn, kò sì gbọdọ̀ sí ṣáájú rẹ̀; àwọn ẹ̀dà Windows àtijọ́ kò ní gbà á bí wọ́n bá lẹ̀ mọ́ra. Bí net start bá dáhùn pẹ̀lú àṣìṣe 1058, iṣẹ́ náà ṣì wà ní pípa. Bó bá jẹ́ 1068, iṣẹ́ míì tó gbẹ́kẹ̀ lé ni kò dìde, ibẹ̀ sì ni kí á lọ wò.

Bí iṣẹ́ bá ń lọ tí àṣìṣe kò sì lọ, àká ló kàn, nínú Command Prompt alábòójútó kan náà:

winmgmt /verifyrepository

Èsì rẹ̀ kì í ju ìlà kan lọ. “WMI repository is consistent” túmọ̀ sí pé àká wà létò, kí á wá ìdí náà síbòmíì. “Inconsistent” túmọ̀ sí pé ó ti dàrú.

Àtúnṣe

Ohun kan ṣe pàtàkì ju gbogbo àṣẹ yòókù lọ: kí á bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tí kì í pa nǹkan rẹ́. Ìmọ̀ràn tó wọ́pọ̀ jù lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni pé kí á pa fódà Repository rẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Òótọ́ ni pé Windows á kọ́ òmíràn, ṣùgbọ́n ohun tí àwọn ètò míì ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ síbẹ̀ á bá a lọ, ó sì lè di dandan kí á tún àwọn ètò náà fi sórí ẹ̀rọ. Àṣẹ tó yẹ kó ṣáájú nìyí:

winmgmt /salvagerepository

Ó ń kọ́ àká tuntun, ó sì ń kó ohun tó bá ṣì ṣeé kà nínú ti àtijọ́ sínú rẹ̀. Nígbà míì á kùnà pẹ̀lú nọ́ńbà 0x8007041B. Èyí kò túmọ̀ sí pé ọ̀ràn ti bọ́ lọ́wọ́; àwọn iṣẹ́ míì, bíi IP Helper, ló ṣì rọ̀ mọ́ Winmgmt. Kí á kọ net stop winmgmt, kí á tẹ Y nígbà tó bá béèrè, kí á sì tún winmgmt /salvagerepository kọ kíákíá, nítorí Winmgmt kì í pẹ́ dìde padà bí ẹnikẹ́ni bá ti pè é. Lẹ́yìn rẹ̀, kí á tún ẹ̀rọ tàn.

Bó bá ṣì kọ̀, winmgmt /resetrepository ló kàn, òun sì ni ìgbẹ̀yìn. Ó ń dá àká padà sí bó ṣe wà lọ́jọ́ tí wọ́n fi Windows sórí ẹ̀rọ. Kí á tó ṣe é, ó dára kí á ṣe ẹ̀dà fódà Repository sórí fláàṣì. Ẹni tó bá gbìyànjú láti dá iṣẹ́ dúró kó tó ṣe ẹ̀dà lè rí i pé ó ń dìde fúnra rẹ̀; sc config winmgmt start= disabled ló ń mú un jókòó. Ibi tí ọ̀pọ̀ ń ṣubú sí nìyí: wọ́n á parí iṣẹ́, wọ́n á gbàgbé láti dá a padà sí auto, àpótí ọjọ́ kìíní á sì tún yọ gẹ́lẹ́ bó ṣe wà, wọ́n á rò pé àtúnṣe kò mú.

Ìmọ̀ràn àtijọ́ míì ni pé kí á fi mofcomp, ètò tó ń ka àpèjúwe sínú àká, tún gbogbo fáìlì .mof (àwọn àpèjúwe náà) inú fódà wbem kà lẹ́ẹ̀kan náà. Kí á má ṣe é. Àwọn kan nínú wọn ní “uninstall” nínú orúkọ wọn, iṣẹ́ tiwọn sì ni kí wọ́n yọ nǹkan kúrò. Bó bá jẹ́ pé ìsọfúnni ẹ̀rọ nìkan ni kò sí, mofcomp cimwin32.mof nínú fódà wbem, lẹ́yìn náà mofcomp en-US\cimwin32.mfl, tó.

Nígbà tí àká bá wà létò àmọ́ tí fáìlì Windows fúnra rẹ̀ ti bàjẹ́, sfc /scannow ló ń wá a. Bí ó bá sọ pé òun rí ìbàjẹ́ tí òun kò lè tún ṣe, DISM ló máa ràn án lọ́wọ́ lórí Windows 8 sókè:

DISM /Online /Cleanup-Image /RestoreHealth

Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni DISM ti ń mú fáìlì tó péye wá, dátà kò sì pọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láti fi ṣòfò. Ẹni tó bá ní ISO Windows (fáìlì kan tó kó gbogbo Windows sínú) tó bá ẹ̀dà tirẹ̀ mu lè tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì kí ó di dráífù, bíi D:, kó sì fi èyí kún ìdí àṣẹ náà:

/Source:WIM:D:\sources\install.wim:1 /LimitAccess

Nọ́ńbà 1 yẹn ń sọ irú Windows tó wà nínú ISO, Home tàbí Pro, kò sì gbọdọ̀ ṣì. Bó bá jẹ́ install.esd ló wà níbẹ̀, ESD ni kí á kọ dípò WIM. Ìdá 62.3 nínú 100 jẹ́ ibi tí DISM ti máa ń dúró pẹ́ bí ẹni pé ó ti kú. Kí á fi í sílẹ̀, kí á má pa ẹ̀rọ. Lẹ́yìn rẹ̀, sfc lẹ́ẹ̀kan sí i. Tí ìfura bá wà lórí háàdì, chkdsk C: /f ló yẹ kó ti ṣáájú gbogbo èyí, á béèrè bóyá kó ṣe é nígbà tí a bá tún ẹ̀rọ tàn, Y ni ìdáhùn.

Nọ́ńbà àṣìṣe

0x80041003 àti 0x80070005 jẹ́ ọ̀ràn àṣẹ: wmimgmt.msc ni a ti ń wo ojú ewé Security láti mọ ẹni tí WMI gbà láàyè. 0x80041010 ń sọ pé irú nǹkan tí a béèrè kò sí nínú àká, 0x8004100E pé iyàrá tí a fẹ́ wọ̀ nínú àká náà kò sí. Àwọn méjèèjì ń tọ́ka sí àká tó ti dàrú tàbí ètò tí kò wọlé dáadáa. 0x800706BA jẹ́ ti RPC.

Ohun tó jọ àṣìṣe tí kì í ṣe é

“Elevation Required to View” níwájú “PCR7 Configuration” kàn ń sọ pé a kò ṣí msinfo32 gẹ́gẹ́ bí alábòójútó. “To be filled by O.E.M.” níbi orúkọ ẹ̀rọ wá láti inú BIOS tí ẹni tó ṣe bọ́ọ̀dù kò kọ nǹkan sí. Bí “Installed Physical Memory” bá jẹ́ 4GB, tí “Total Physical Memory” kéré díẹ̀ sí i, olè kọ́ ló jà: ẹ̀yà tó ń gbé àwòrán jáde ti yá apá kan RAM.

Èyí tó ń tan àwọn onímọ̀ pàápàá jẹ ni àṣẹ wmic. Microsoft ti kéde láti ìgbà Windows 10 21H1 pé òun ń fẹ̀yìn rẹ̀ tì, kò sì sí lórí àwọn Windows 11 tuntun kan mọ́. Kí wmic má sí kò túmọ̀ sí pé WMI kú. PowerShell ni kí á fi dán an wò:

Get-CimInstance Win32_ComputerSystem

Bí ó bá dáhùn pẹ̀lú orúkọ ẹ̀rọ àti TotalPhysicalMemory, alárinà wà láàyè.

Nígbà tí WMI kò bá tíì dìde, tí ẹni tó fẹ́ rajà sì dúró ti ẹni tó ń tà á, Ctrl, Shift àti Esc á ṣí Task Manager, níbi tí “Performance” ti ń fi processor àti RAM hàn. BIOS náà á sọ tirẹ̀ láìnílò Windows: F2 lórí Dell, F10 lórí HP, F1 tàbí F2 lórí Lenovo, ní kété tí a bá ti tan ẹ̀rọ.

Iná

UPS kékeré 650VA ti tó fún dẹ́sítọ́ọ̀pù ilé, torí kì í ṣe kí á máa fi í ṣiṣẹ́ lọ, ìṣẹ́jú mélòó kan tí a ó fi pa ẹ̀rọ létòlétò ni a ń wá. Kí á má so ìtẹ̀wé lésà mọ́ ọn. Fún láptọ́ọ̀pù, powercfg /batteryreport á kọ fáìlì kan tí a lè ṣí nínú bíráúsà. Kí á fi “Full Charge Capacity” wé “Design Capacity”. Bí àkọ́kọ́ kò bá tó ìdajì èkejì, bátìrì náà kò ní lè gbé ẹ̀rọ ró pẹ́ mọ́ nígbà tí iná bá lọ, kí á sì pààrọ̀ rẹ̀ kí á tó tún àká ṣe lẹ́ẹ̀kejì.