Púláànù Kọ́ Ni Pámíìtì

Ẹ bi onílé kan l'Ékòó bóyá ó gba àṣẹ kó tó fa ṣọ́ọ̀bù méjì yọ níwájú ilé rẹ̀. Ohun tó máa kọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́nu ni, "Mo ní púláànù." Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti dàrú, torí nǹkan mẹ́ta la ń fi orúkọ kan ṣoṣo pè. Èyí tí sọ̀féyọ̀ yà, tó fi ibi tí ilẹ̀ dé hàn, púláànù ni. Èyí tí akítẹ́ẹ̀tì yà, tí pálọ̀ àti yàrá wà nínú rẹ̀, púláànù náà ni. Ẹ̀kẹta ni èyí tí ìjọba yẹ̀ wò, tí wọ́n lu òǹtẹ̀, tí wọ́n sì fún ní nọ́ńbà. Ẹ̀kẹta yìí nìkan ni pámíìtì. C of O pàápàá, ẹni tó ni ilẹ̀ ló ń sọ. Kì í ṣe àṣẹ láti kọ́ nǹkan sórí rẹ̀.

Rìsíìtì ọmọ onílẹ̀ ńkọ́? Ẹlòmíì á san owó fáńdéṣọ̀n, á san owó dẹ́kìn, á tún fi ọtí lé e, á wá rò pé òun ti rí gbogbo ẹni tó yẹ kóun rí. Àwọn tó gbowó yẹn kò ní àṣẹ kankan lọ́wọ́ tí wọ́n lè fún un. Òfin Èkó ti 2016 tilẹ̀ sọ irú owó bẹ́ẹ̀ di ẹ̀ṣẹ̀.

Pámíìtì kì í ṣe ti ilé tuntun nìkan. Ilé tí wọ́n fọwọ́ sí ni ilé tó wà nínú àwòrán yẹn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá fọwọ́ sí ilé ilẹ̀, tí ẹ sì gbé e di pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, òkè yẹn kò ní pámíìtì.

Ẹ̀gbọ́n mi kan ní Agége fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Bíríkìlà rẹ̀ ń fọwọ́ sọ̀yà pé ìpìlẹ̀ ilé náà lè gbé òkè méjì, ó ṣe tán òun lòun da kọnkéré rẹ̀ nígbà yẹn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló ta kú pé kí ẹnjiníà wá wò ó ná. Ọkùnrin náà mú irinṣẹ́ kan tó jọ páǹpù kẹ̀kẹ́ jáde, ó tì í mọ́ òpó, ó ta padà, nọ́ńbà yọ. Bí kọnkéré bá ṣe le tó ló ṣe máa ń ta tó, tiwọn kò sì ta dáadáa. Wọ́n wá gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ òpó kan wò: irin mẹ́rin tín-ín-rín, kọnkéré ara wọn ń já sílẹ̀ bíi gààrí. Bíríkìlà dákẹ́. Ní Èkó, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń ṣe irú àyẹ̀wò yìí wà ní Òjódù.

Ẹni tó bá rò pé wàhálà lásán nìyí, kó rántí ilé àlejò tó wó ní Ìkòtún ní oṣù Kẹsàn-án 2014. Èèyàn 116 ló kú. Nígbà tí kọ́rónà, ìyẹn adájọ́ tó ṣèwádìí ikú wọn, gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2015, ó ní iṣẹ́ ilé náà kù káàtó, kò sì ní ìwé àṣẹ.

Kíkun ilé ní ọ̀dà, pípààrọ̀ táìsì tàbí páànù tó ń jò kò la pámíìtì lọ. Èyí tó bá fi ẹrù kún ilé, tó fẹ̀ ẹ́ lójú ilẹ̀, tàbí tó yí ìlò rẹ̀ padà ni kẹ́ ẹ béèrè lé lórí. Sísọ bọ́ìsì kọ́tà di iléèwé jẹ́lé-ó-sinmi wà nínú rẹ̀, bí ẹ kò tilẹ̀ fi búlọ́ọ̀kù kan kún un. Fẹ́ǹsì pàápàá ní pámíìtì tirẹ̀ l'Ékòó, èyí sì máa ń ya ọ̀pọ̀ lẹ́nu.

LASPPPA, àjọ ìjọba Èkó, ló ń fúnni ní pámíìtì, wọ́n sì ní ọ́fíìsì káàkiri ìjọba ìbílẹ̀. LASBCA, àjọ ìjọba Èkó mìíràn, ló ń wá wo iṣẹ́ bó ṣe ń gòkè, òun náà ló lè dá a dúró. Ẹ má gbé ìlànà Èkó lọ sí Ìbàdàn o. Ní 2003, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dájọ́ pé ìpínlẹ̀ ló ni àkóso ètò ìlú, kì í ṣe ìjọba àpapọ̀, nítorí náà kálukú ló ń ṣe tirẹ̀. Ọ́fíìsì àdúgbò ilé yín gan-an ni kẹ́ ẹ lọ, kẹ́ ẹ tó sanwó búlọ́ọ̀kù. Ẹ mú ẹ̀dà pámíìtì àtijọ́ ilé náà dání. Bí kò bá sí, ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè.