Bí ẹ̀rọ ṣe ń gbọ́ kọ́bọ̀ tó sùn sábẹ́ ilẹ̀ pupa

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti rí ẹ̀rọ tó ń wá irin, tí òyìnbó ń pè ní metal detector, rí láì mọ̀ pé òun náà ni. Ṣẹ́ ẹ mọ èyí tí sìkiọ́ríti máa ń fi yẹ ara èèyàn wò lẹ́nu ọ̀nà bánkì, tó máa ń ké tó bá ti kan kọ́kọ́rọ́ àbí irin bẹ́líìtì? Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ni èyí tí àwọn òyìnbó máa ń gbé kiri etí òkun àti pápá ní ọjọ́ Sátidé, tí wọ́n fi ń wá owó tó jábọ́ lápò èèyàn. Kì í ṣe ìṣúra ayé àtijọ́ ni wọ́n ń wá o, owó òde òní ni, kọ́ìn tó bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń sanwó áísíkíríìmù lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn. Eré ọwọ́dilẹ̀ ni wọ́n fi ṣe. Owó tẹ́nì kan rí fún oṣù kan lè má ra bátìrì tó lò tán, ìyẹn ò sì dùn wọ́n rárá.

Ẹni tó bá gbé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wá sí Àkúrẹ́ á rí i pé ohun méjì ló máa kọ́kọ́ dà á láàmú, ilẹ̀ wa àti owó wa. Ṣùgbọ́n ká kọ́kọ́ mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ná.

Ọ̀pá gígùn kan ni, àwo roboto wà nísàlẹ̀ ẹ̀, àpótí kékeré tó ní ojú bíi ti fóònù wà lókè níbi tí ọwọ́ dì í mú. Inú àwo yẹn ni gbogbo ọgbọ́n ẹ̀ wà. Wáyà méjì ni wọ́n wé síbẹ̀, ọ̀kan ń rán iṣẹ́, ìkejì ń gbọ́ èsì. Iná bátìrì á máa lọ á máa bọ̀ nínú wáyà àkọ́kọ́, bíi ìgbà 5,000 sí 20,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo, ìyẹn ló ń dá agbára òòfà sílẹ̀ tó ń wọnú ilẹ̀ lọ. Tí agbára yẹn bá wá kan nǹkan onírin, iná kékeré á bẹ̀rẹ̀ sí í pòòyì nínú nǹkan yẹn fúnra ẹ̀, kọ́bọ̀ tó ti sùn sílẹ̀ láti bí ogójì ọdún á wá máa ṣe bí òòfà kékeré níwọ̀n ìgbà tí àwo bá fi wà lókè ẹ̀, á máa dáhùn, wáyà kejì á sì gbọ́ ọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbọ́dọ̀ máa ju àwo yẹn sọ́tùn-ún sósì. Ọ̀pọ̀ irú ẹ̀rọ yìí, téèyàn bá dúró sójú kan, ńṣe lòun náà á dákẹ́.

Ibi tó ti gbọ́n jù ni pé kì í kàn gbọ́ pé irin wà níbẹ̀, ó ń wo bí èsì yẹn ṣe falẹ̀ tó. Bàbà àti fàdákà, iná máa ń ṣàn dáadáa nínú wọn, èsì tiwọn máa ń falẹ̀ díẹ̀. Bébà inú páálí sìgá tó ń dán yẹn, èsì tiẹ̀ yá kíá. Ẹ̀rọ á wá sọ ìyàtọ̀ yẹn di nọ́ńbà lójú ẹ̀, á tún fi ohùn sí i, bàbà àti fàdákà á ké tín-ín-rín bí ẹyẹ, irin lásán á dún gbọ̀ọ̀ bí ọ̀pọ̀lọ́. Ẹni tó bá ti mọ́ lára kì í fi bẹ́ẹ̀ wo nọ́ńbà mọ́, etí ló fi ń ṣiṣẹ́, ìyẹn ni wọ́n ṣe máa ń fi ẹ́ẹ̀rípíìsì bo etí méjèèjì.

Ó wá ku ilẹ̀. Ilẹ̀ Àkúrẹ́ pupa, ẹ̀yin náà ẹ rí i, tí òjò bá rọ̀ téèyàn fi bàtà funfun rìn lọ sí ọ̀nà Ọ̀dà, ọ̀rọ̀ ti parí. Irin ló sọ ọ́ di pupa bẹ́ẹ̀, yangí tí wọ́n ń wú nílẹ̀, irin ló kún inú ẹ̀. Torí náà kí ẹ̀rọ tó kan kọ́bọ̀ rárá, ilẹ̀ fúnra ẹ̀ ti ń dá a lóhùn. Wọ́n máa ń kọ́kọ́ mú ẹ̀rọ bá ilẹ̀ mọ́ra: wọ́n á wá ibi tí nǹkan onírin kankan ò sin sí, wọ́n á máa gbé àwo sókè sódò bí ẹni ń gún iyán, ẹ̀rọ á gbọ́ ohùn ilẹ̀ yẹn, á sì yọ ọ́ kúrò nínú ohun tó ń gbọ́. Tí wọn ò bá ṣe é, ibi gbogbo ni á máa ké. Tí wọ́n bá tiẹ̀ ṣe é náà, ẹ̀rọ tó ń rí kọ́ìn ní ínǹṣì mẹ́jọ nínú ilẹ̀ dúdú lè má rí i ju ínǹṣì mẹ́rin àbí márùn-ún lọ nínú ilẹ̀ pupa. Oríṣi ẹ̀rọ mìíràn wà tó ń fi iná ta ilẹ̀ léraléra tó ń dákẹ́ láàárín kan kó tó gbọ́, ìyẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ ka ilẹ̀ pupa sí, àwọn tó ń wá wúrà fẹ́ràn ẹ̀, àmọ́ kò mọ ìṣó yàtọ̀ sí owó dáadáa. Ẹni tó bá gbé e wọ ilé ìwé wa níbi tí wọ́n ti kan páànù lẹ́ẹ̀mẹ́ta, á kàn máa wú ìṣó títí ilẹ̀ á fi ṣú ni.

Ọ̀rọ̀ owó gan-an ló dùn jù. Ní January 1, 1973 la bọ́ sórí náírà, kó tó dìgbà yẹn kọ́bọ̀ (ìyẹn pẹ́nì), tọ́rọ́, sísì àti ṣílè là ń ná. Náírà kan jẹ́ ṣílè mẹ́wàá, ìyẹn ni àwọn àgbà ṣe ń pe kọ́bọ̀ mẹ́wàá ní ṣílè kan tí wọ́n ń pe kọ́bọ̀ márùn-ún ní sísì, títí di ìgbà tí owó yẹn ò ra nǹkan kan mọ́. Kọ́bọ̀ kan ti 1973 yẹn, idẹ ni. Kọ́bọ̀ márùn-ún tó ní kòkó lára (ẹ̀yin ará Oǹdó, tiyín nìyẹn), mẹ́wàá, àti márùndínlọ́gbọ̀n, bàbà àti níkẹ́ẹ̀lì ni wọ́n pò pọ̀. Gbogbo àwọn yìí ni ẹ̀rọ ń gbọ́ dáadáa, kọ́bọ̀ onídẹ yẹn pàápàá á ké bí agogo.

Nígbà tó wá di 1991, wọ́n tún owó wa rọ. Kọ́bọ̀ kan, mẹ́wàá, márùndínlọ́gbọ̀n, irin ni wọ́n fi bàbà bò lára. Àádọ́ta kọ́bọ̀ àti náírà kan onírin tó ní Herbert Macaulay lára, irin ni wọ́n fi níkẹ́ẹ̀lì bò. Ẹ gbé òòfà sún mọ́ ọn, á gbé e. Ibí yìí ni wàhálà wà, torí pé ohun tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń kọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ yìí lókè òkun ni pé kó tẹ bọ́tìnì kan tó ń sọ fún ẹ̀rọ pé “irin lásán, má dá mi lóhùn”. Ní pápá wọn, ìyẹn lè dáa. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ ní Àkúrẹ́, ẹ̀rọ lè kọjá lórí náírà kan ti 1991 bí ẹni tí ò rí nǹkan kan, àbí kó ké díẹ̀ kó tún dákẹ́, nọ́ńbà á máa fò kiri. Kí àwọn òyìnbó má rò pé ọ̀rọ̀ wa nìkan ni o, Britain náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi bàbà bo irin fún pẹ́nì wọn láti 1992, àwọn náà ń pàdánù ẹ̀.

Ohun tó tún mú kó le ni ìdérí ìgò mínírà. Irin pẹlẹbẹ roboto tí wọ́n kùn lára, ẹ wò ó dáadáa, kí ló yàtọ̀ sí náírà yẹn? Lójú ẹ̀rọ, kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ibi tí owó sì ti máa ń bọ́ ní ayé ìgbà yẹn, ibẹ̀ náà ni mínírà ti máa ń ṣí: ibi àríyá, iwájú ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀gbẹ́ pápá bọ́ọ̀lù. Ẹni tó bá fẹ́ owó 1991 gbọ́dọ̀ gbà láti wú ìdérí. Ẹni tí ò fẹ́ wú ìdérí, kó gbà pé owó tó ṣáájú 1991 nìkan lòun á máa rí. Kò sí ọ̀nà kẹta, ẹni tó bá sọ pé ẹ̀rọ tòun mọ ìyàtọ̀, ẹ̀rọ ló fẹ́ tà fún yín.

Irin tún máa ń bo owó mọ́lẹ̀. Ìṣó kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́bọ̀ lè pariwo bo ohùn kọ́bọ̀. Lọ́dún 1881, nígbà tí wọ́n yìnbọn fún Garfield tó jẹ́ ààrẹ Amẹ́ríkà, Alexander Graham Bell, ọkùnrin tẹlifóònù yẹn, gbé irú ẹ̀rọ yìí wá láti fi wá ọta ìbọn nínú ara ẹ̀, kò rí i. Lára àlàyé tí wọ́n ṣe ni pé irin sípíríìnì inú bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n tẹ́ ẹ sí ló ń pariwo. Ìdí nìyẹn táwọn kan fi ń lo àwo kékeré níbi tí ìdọ̀tí bá pọ̀ sí, àwo ńlá ń rí jìnnà àmọ́ ó ń gbọ́ ohùn márùn-ún pọ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Ká ní ẹ̀rọ wá ké lábẹ́ igi máńgòrò kan níbi tí ìyá alákàrà ti ń jókòó tipẹ́tipẹ́, tí gbogbo ọmọ ilé ìwé ń fi ọwọ́ tó ní epo ná kọ́bọ̀. Wọn ò ní gbẹ́ ẹ lójú ẹsẹ̀. Wọ́n á kọjá lórí ẹ̀ láti apá kan, wọ́n á yí padà kọjá láti apá kejì bí àgbélébùú, ibi tí ohùn méjèèjì ti pàdé ni nǹkan yẹn wà. Tó bá ké lọ́nà kan tó dákẹ́ lọ́nà kejì, ìṣó ni lọ́pọ̀ ìgbà. Wọ́n á fi ọ̀bẹ gé koríko yípo lápá mẹ́ta, wọ́n á ṣí i bí ìdérí àpótí kí gbòǹgbò má bàa já tán, wọ́n á kó erùpẹ̀ sórí àkísà, wọ́n á fi ẹ̀rọ kékeré tó dà bí tọ́ọ̀ṣì tú u wò. Kọ́bọ̀ onídẹ á jáde pẹ̀lú àwọ̀ ewé lára, èyí tí wọ́n fi bàbà bò á ti wú, á ti bó, ìpẹ́pẹ́ ìpẹtà nìkan lẹ lè rí. Omi lásán ni kí wọ́n fi fọ̀ ọ́, ẹni tó bá fi kànkàn ha á ti pa á. Erùpẹ̀ á padà sínú ihò, koríko á padà sórí ẹ̀, wọ́n á fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ní ọ̀gbẹlẹ̀, ẹ má dàn án wò, yangí á ti le bí sìmẹ́ńtì. Lẹ́yìn òjò ló dáa, ilẹ̀ á ti rọ̀. Ẹ má gbàgbé gọ́tà àti ìsàlẹ̀ ibi tí omi ń wọ́ erùpẹ̀ lọ, owó náà ń bá omi rìn. Ẹ jìnnà sábẹ́ wáyà iná ńlá, ẹ̀rọ á kàn máa sọ ìsọkúsọ ni.

Àṣẹ ṣe kókó. Ẹni tó ni ilẹ̀ ló ń fàyè gbani, yálà ilé ìwé, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ̀lẹ́bí. Ẹni tó bá gbé ẹ̀rọ wọ ilẹ̀ onílẹ̀ tó ń gbẹ́ ihò láì sọ fún ẹnì kankan, lóde òní, wọ́n lè pè é ní nǹkan tí ò rò. Ní England, òfin 1996 wọn dá lórí ìṣúra, èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ sì ni ohun tó ti lé ní 300 ọdún, owó tó bọ́ lápò èèyàn lánàá ò sí níbẹ̀. Níbí, òfin 1979 tó dá àjọ mùsíọ́ọ̀mù sílẹ̀ ló ń bójú tó ohun àtijọ́, kò sì fàyè gba kí èèyàn kàn máa wú u. Ìlú Ọ̀wọ̀ níbi tí Ekpo Eyo, awalẹ̀pìtàn, ti wú ère amọ̀ jáde ní Igbó Ọlájà lọ́dún 1971, àti Òkè Ìdànrè, ẹ gbé ẹ̀rọ yín kọjá síbòmíràn. Tí nǹkan tí kì í ṣe owó, tó dà bí ìlẹ̀kẹ̀ àbí ère, bá jáde lábẹ́ máńgòrò yẹn, kí wọ́n dáwọ́ dúró níbẹ̀, kí wọ́n má tú ilẹ̀ yẹn mọ́, kí wọ́n lọ sọ fún àwọn mùsíọ́ọ̀mù.